Ọkọ̀ Tó Mọ Ọ̀nà

Dírìlì náà kò rí nǹkan kan lu. Ọwọ́ẹ̀rọ̀ ti fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ojú ibi tó fẹ́ lára dáṣíbọ́ọ̀dù, ó ti fẹsẹ̀ tilẹ̀, ó ti fún ọwọ́ mọ́ ẹ̀rọ náà bí ẹni tó mọ̀ pé ike àti irin kì í gbà wẹ́rẹ́. Àfi bí ẹnu dírìlì ṣe kan ibẹ̀ tó rì wọlé fẹ́ẹ́, bí ìka ṣe ń rì sínú ọṣẹ tó ti pẹ́ nínú omi. Díẹ̀ ló kù kó fi àyà lu sítíárì.

Ó pa ẹ̀rọ náà. Ìyẹ̀fun funfun kan dà sórí itan rẹ̀. Ó fi ìka tọ́ ibẹ̀ wò, ó fi yí i po. Kì í ṣe òun ló lu ihò yìí. Ihò náà ti wà níbẹ̀ tipẹ́, róbótó, etí rẹ̀ dán. Ẹnìkan ló fi pọ́tì dí i, tó fi pépà oníyanrìn ha á títí ojú rẹ̀ fi tẹ́jú, tó sì kun ọ̀dà dúdú bò ó mọ́lẹ̀. Ó mú géèjì tuntun tó rà, èyí tí yóò máa sọ bí ọ́ìlì ṣe gbóná tó, ó gbé e sí ẹnu ihò náà. Géèjì wọlé, ó jókòó. Kò fì, kò há.

"Kí lẹ ń wò?" Rẹwáyà ló béèrè, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń bá a tún iná ọkọ̀ náà ṣe, tó ti orí bọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì láti àárọ̀.

"Ihò ti wà níbẹ̀."

"Ihò wo?"

"Ibi tí mo fẹ́ lu. Ẹnìkan ti lu ú ṣáájú mi."

Rẹwáyà yọ orí jáde, ó wò ó láti ojú gíláàsì iwájú, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá mi, ọkọ̀ àlòkù lẹ rà. Àlòkù, ẹ gbọ́? Ẹni tó bá fẹ́ opó kì í béèrè ẹni tó kọ́kọ́ tẹ́ bẹ́ẹ̀dì."

Ọwọ́ẹ̀rọ̀ náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kọ̀, kò jáde. Kì í ṣe ihò ló ń dẹ́rù bà á. Oríṣiríṣi ihò ló ti bá pàdé lára ọkọ̀ yìí. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ni pé kò fi tépù wọn ibẹ̀. Ó kàn jókòó ni, ó di sítíárì mú, ó ṣe bí ẹni tó ń gba kọ́nà, ó sì fi ṣọ́ọ̀kì sí ibi tí ojú rẹ̀ bọ́ sí. Nínú gbogbo dáṣíbọ́ọ̀dù gbọọrọ yẹn, ibẹ̀ gan-an ni.

Onígbàjámọ̀ ni. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ilé ìfowópamọ́ kan, àwọn oníbàárà ló sì sọ ọ́ ní Ọwọ́ẹ̀rọ̀, nítorí pé bí ọwọ́ rẹ̀ bá ti kan orí èèyàn, oorun ló kù. Ọmọ tó ń ké bí ẹni tí wọ́n fẹ́ pa, bó bá ti rọra gbá a lórí mú, ó dákẹ́ nìyẹn. Kò ní ọkọ̀ rí, ọkọ̀ kì í sì í wù ú. Ó bá àna rẹ̀ lọ wo bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ kan ní ọgbà àwọn tó ń ta ọkọ̀ àlòkù, ibẹ̀ ló ti rí eléyìí lẹ́yìn àwọn bọ́ọ̀sì: ọkọ̀ eré-ìje ará Jàpáànì, ilẹ̀kùn méjì péré, funfun lábẹ́ eruku, ó lúgọ mọ́lẹ̀ bí ológbò tó rí ẹyẹ. Sítíárì rẹ̀ wà lápá ọ̀tún, débi pé ẹni tó bá rí i lójú títì á rò pé awakọ̀ ti bọ́ sílẹ̀, pé èrò ló kù tó ń dá wà á lọ. Iná iwájú rẹ̀ kì í hàn. Inú bọ́nẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń sùn sí, ìgbà tí o bá tàn wọ́n ni wọ́n tó ń là sókè bí ojú ọ̀pọ̀lọ́. Ẹsẹ̀ Ọwọ́ẹ̀rọ̀ kọ̀, kò lọ mọ́. Ó dúró níwájú rẹ̀ bí ẹni tó pàdé ọ̀rẹ́ àtijọ́ tí orúkọ rẹ̀ sì ti sọnù lẹ́nu rẹ̀.

"Orí omi ló ti wá tààrà," ẹni tó ń ta ọkọ̀ náà ń búra. "Táyà ẹ̀ ò tíì tẹ títì ilẹ̀ yìí rí."

Nígbà tó gbé e délé, ìyàwó rẹ̀ yí ọkọ̀ náà po, ó ká apá mọ́ àyà. "Bàbá wọn, àwa mélòó la wà nínú ilé yìí? Ìjókòó mélòó ló wà nínú ẹ̀?"

Láti ìgbà náà, gbogbo ọjọ́ ìsinmi rẹ̀, abẹ́ ọkọ̀ ló wà. Ó kọ́ iṣẹ́ tí kò mọ̀. Ó ní kí wọ́n sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀, ó bá wọn fọ ọ́ ní ẹyọ ẹyọ. Ó gé ibi tó dípẹtà, ó ní kí wọ́n jó irin tuntun mọ́ ọn. Ó pààrọ̀ ìjókòó, ó pààrọ̀ bíréèkì, ó wá àgbá táyà aláwọ̀ idẹ, ìyẹn rímù, kiri títí ó fi rí i. Nígbà tó kan ọ̀dà, ó sọ fún pẹ́ńtà pé àwọ̀ ewé ni òun fẹ́, kì í ṣe ewé gbígbẹ, ewé tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá lórí rẹ̀. Pẹ́ńtà gbé ọ̀bẹ, ó ha ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kí ó lè mọ ohun tó wà lábẹ́. Funfun ṣí kúrò. Abẹ́ rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, àwọ̀ ewé tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá lórí rẹ̀.

"Ẹ ti rí i tẹ́lẹ̀ ni?"

"N ò rí i."

"Ojú yín mà dáa o," ni pẹ́ńtà wí, Ọwọ́ẹ̀rọ̀ sì gbà á bí ìyìn.

Wẹ́dà ni kò fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀ mọ́. Sàlẹ́ńsà kan ṣoṣo, ó ní kí wọ́n tú u, kí wọ́n tún un jó, ìró rẹ̀ ròkè jù, ó rẹlẹ̀ jù. "Ìró wo gan-an lẹ ń wá?" ni wẹ́dà bi í, òógùn ń dà lójú rẹ̀. Kò mọ bí yóò ṣe sọ ọ́. Àmọ́ lọ́jọ́ tí ìró náà dé, tó dún lẹ́ẹ̀kan bí ìgbà tí àgbàlagbà bá fọ ọ̀fun nínú yàrá kejì, tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kùn lábẹ́lẹ̀, irun ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ dìde. Ó pe ìyẹn ní ayọ̀.

Ọjọ́ tí à ń wí yìí ni gbogbo iṣẹ́ náà fẹ́ parí. Láàárọ̀ kí Rẹwáyà tó dé, ó ń fi aṣọ nu gíláàsì nígbà tí ìyàwó rẹ̀ yọjú lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó dúró, ó ń gbọ́.

"Orin wo lẹ fi ń súfèé yẹn?"

"Súfèé wo?"

"Èyí tẹ́ ẹ ti ń sú láti ìgbà tí ọkọ̀ yìí ti dé. Ẹ kì í sú u parí."

Ọwọ́ẹ̀rọ̀ rẹ́rìn-ín. "Èèyàn ò gbọdọ̀ dunnú nílé ara ẹ̀ mọ́?"

Ìyàwó rẹ̀ kò bá a rẹ́rìn-ín. "Bàbá wọn," ó ní, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, "ẹ ò mọ̀ ọ́n sú tẹ́lẹ̀."

Òótọ́ ni. Nígbà tí wọ́n ń fẹ́ra wọn sọ́nà, ó ti gbìyànjú rẹ̀ láti fi pè é lójú fèrèsé, afẹ́fẹ́ lásán ló ń jáde, ìyẹn sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó ká ètè rẹ̀ jọ nísinsìnyí, ó fẹ́ afẹ́fẹ́. Súfèé jáde kedere. Ìyàwó rẹ̀ padà wọlé.

Nígbà tí wọ́n de géèjì náà tán, Rẹwáyà ti bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó nu ọwọ́. "Mo ti já wáyà iná bẹ́líìtì yẹn. Kò ní dà yín láàmú mọ́. Ẹ gbé e jáde, ká gbọ́ ohùn ẹ̀."

Iná bẹ́líìtì tó ń sọ nípa rẹ̀ ni iná pupa kékeré kan tó ń tàn bí ẹnìkan bá jókòó lápá òsì tí kò sì de bẹ́líìtì mọ́ra. Látìgbà tí wọ́n ti fi ẹ́ńjìnnì padà ló ti ń tàn láìsí ẹni lórí ìjókòó. Ọwọ́ẹ̀rọ̀ dúpẹ́, ó ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́. Ọkọ̀ náà fọ ọ̀fun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

Títì gbígbòòrò tó gba ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ló ní lọ́kàn, níbi tí èèyàn ti lè na ọkọ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni gé ọ̀nà. Oòrùn ti ga, ọ̀dà tuntun ń dán yinrin, àwọn èèyàn ń yí ọrùn wò ó. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé ihò, ó gbàgbé ọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀. Ó dé oríta tó yẹ kó ti lọ tààrà. Ọwọ́ rẹ̀ yí sítíárì sí òsì.

Kì í ṣe pé ọkọ̀ fà á. Wọ́n ti tún ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ ṣe, ọkọ̀ kò fà síbì kankan. Ọwọ́ òun náà ni, ó rí i bó ṣe ń yí. Ohun tí kò rí ni ìgbà tí òun pinnu rẹ̀. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé kò burú, pé òun á rí ibi yí padà. Ó tún yà ní ìdí igi méjì kan tí orí wọn fara kanra. Ibẹ̀ ni iná bẹ́líìtì tàn.

Ó wo ìjókòó òsì. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, kò tiẹ̀ gbé aṣọ tó fi nu gíláàsì síbẹ̀. Ó na ọwọ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ orí fóòmù. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Oòrùn ni, ó rò ó. Ó sì ti wa ọkọ̀ síwájú díẹ̀ kó tó rántí pé apá ọ̀tún, lára òun níbí, ni oòrùn ń ràn sí.

Àdúgbò tó wọ̀ yìí dákẹ́. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kéékèèké, ògiri tí kò ga, aṣọ sísá lórí okùn. Ajá kan tó na gbalaja sáàárín ọ̀nà dìde, ó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò gbó, bẹ́ẹ̀ ni Ọwọ́ẹ̀rọ̀ kò tíì tẹ fèrè. Ọkùnrin kan tó ń lẹ táyà lósòó lẹ́bàá ọ̀nà gbé ọwọ́ sókè kí i láìwo ẹ̀yìn, bí a ṣe ń kí ará ilé. Nígbà tó wá yíjú padà tó rí ẹni tó wà nídìí sítíárì, ọwọ́ rẹ̀ kò sọ̀ kalẹ̀. Ọwọ́ náà wà lókè bẹ́ẹ̀, ẹ̀rín sì ti kúrò lójú rẹ̀, títí ọkọ̀ fi kọjá.

Ọwọ́ẹ̀rọ̀ dín eré kù. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ó wá ibi tí yóò ti yí padà. Níwájú, géètì kan ń ṣí.

Ìyá àgbà kan ló ń fà á, ó kọ ẹ̀yìn sí ojú ọ̀nà, ó fi ìbàdí ti ewé géètì kan, ó padà lọ fa èkejì. Kí ọkọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti ṣí i gbayawu, ó ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń fi etí ìró nu ọwọ́. Ọwọ́ẹ̀rọ̀ lè kọjá lọ. Kò sóhun tó dì í mú. Ó tẹ bíréèkì.

Gbogbo èèyàn tó bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ láti ìta, apá òsì ni wọ́n ń kọ́kọ́ lọ, kí wọ́n tó rí i pé kò sí ẹni níbẹ̀. Ìyá yìí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀tún ló gbà wá tààrà, ó tẹ̀ ba mọ́ fèrèsé.

"O pẹ́," ni ìyá náà wí. Ó wá rí ojú rẹ̀. Kò pariwo, ojú rẹ̀ kò sì fà ro. Ó kàn dúró bí aago ṣe ń dúró. "Kì í ṣe ìwọ."

"Ẹ kú ọ̀sán, Màmá. Ẹ má bínú. Mo kàn ń kọjá lọ ni."

"Ìró yẹn ni mo gbọ́. Láti ìdí igi méjì ni mo ti gbọ́ ọ." Ó fi ọwọ́ kan etí ilẹ̀kùn, ó rọra fi àtàǹpàkò ra ọ̀dà náà. "Gbé e wọlé, ọmọ mi. Oòrùn yìí ò dáa fún ọ̀dà."

Ó yẹ kó kọ̀. Àmọ́ ta ni yóò kọ ọ̀rọ̀ sí ìyá àgbà tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí géètì? Ó wa ọkọ̀ wọlé. Ìlà sìmẹ́ńtì méjì ló wà nínú ọgbà náà, táyà ti tẹ̀ wọ́n jin láti ọdún wá. Táyà tirẹ̀ bọ́ sínú wọn bí ẹsẹ̀ ṣe ń bọ́ sínú bàtà tó ti mọ́ ọn lára. Bí ọkọ̀ ṣe dúró ni iná bẹ́líìtì kú. Ó rí i bó ṣe kú. Bí ìgbà tí èèyàn bá bọ́ sílẹ̀ ni.

Obìnrin kan jáde sí ẹnu ilẹ̀kùn ilé, ó tó ẹgbẹ́ Ọwọ́ẹ̀rọ̀, tépù ìwọ̀n aṣọ wà lọ́rùn rẹ̀, ó fi eyín di abẹ́rẹ́ mélòó kan mú. Ó rí ọkọ̀ náà. Abẹ́rẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, wọ́n dún ṣaṣa lórí sìmẹ́ńtì.

"Màmá, ẹ wọlé."

"Àlejò ni," ìyá náà ní.

"Mo ní kẹ́ ẹ wọlé." Ó dúró títí ìyá rẹ̀ fi wọlé, ó sọ̀ kalẹ̀ wá bá Ọwọ́ẹ̀rọ̀. Kò kí i. "Ta ni yín? Ta ló rán yín síbí?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi, Àǹtí. Onígbàjámọ̀ ni mí. Mo ń dán ọkọ̀ mi wò ni."

"Ọkọ̀ yín." Ó yí i po bí ìyàwó Ọwọ́ẹ̀rọ̀ ṣe yí i po, àmọ́ ẹ̀rù ló ń bà á, kì í ṣe ìbínú. "Ta ló ní kí wọ́n kùn ún báyìí?"

"Èmi ni. Funfun ni mo rà á."

"Àgbá táyà aláwọ̀ idẹ yìí ńkọ́?"

"Èmi ni mo wá a rà."

Ó ki orí bọ fèrèsé, ojú rẹ̀ kan dáṣíbọ́ọ̀dù, ó kan géèjì. Ó na ọwọ́ sí i. "Èyí ńkọ́?"

"Àárọ̀ yìí ni mo fi í síbẹ̀."

Obìnrin náà fa ọwọ́ yọ bí ẹni tí iná jó. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé, ó sì sọ ọ́ fún un, ohùn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, kí ìyá má baà gbọ́. Àbúrò òun ọkùnrin ló ni ọkọ̀ náà. Kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀, kò fẹ́ràn òde, ọkọ̀ yìí nìkan ló mọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan kí Màmá tó jí, ó ti rọra ti ọkọ̀ náà jáde láì ṣáná sí i, ó lọ, kò sì padà mọ́. Wọ́n wá a dé gbogbo ilé ìwòsàn. Ẹnìkan ní òun rí ọkọ̀ àwọ̀ ewé nítòsí afárá, ni àwọn apẹja bá fi àwọ̀n wọ́ abẹ́ omi fún ọjọ́ púpọ̀. Wọn ò rí èèyàn, wọn ò rí irin.

"Omi ló gbé e," ó ní. "Mo ti sọ ọ́ fún Màmá pé kí a gbà bẹ́ẹ̀. Wọn ò gbà. Ọkọ̀ kankan tó bá ti dún bí ìyẹn lójú títì, wọ́n á lọ ṣí géètì. Àṣà náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dẹwọ́ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa gbé e lọ."

"Wọ́n ní orí omi ló ti wá tààrà," ni Ọwọ́ẹ̀rọ̀ wí, ó sì gbọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dún lẹ́nu ara rẹ̀. Ojú tì í.

"Jẹ́ kí àlejò wọlé wá mu omi!" ìyá náà kígbe láti inú ilé.

Yàrá iwájú kún fún aṣọ iléèwé tí wọ́n ń rán lọ́wọ́, gbogbo rẹ̀ aláwọ̀ kan náà, apá wọn ń fì lára ògiri nínú atẹ́gùn fáànù. Ọwọ́ẹ̀rọ̀ jókòó, ó gba ife omi, ó mu ún. Ìyá náà jókòó sí iwájú rẹ̀. Ó kàn ń wò ó, ojú rẹ̀ wá kúrò lára rẹ̀, ó lọ sára ògiri lókè ẹ̀rọ ìránṣọ, ojú Ọwọ́ẹ̀rọ̀ sì tẹ̀ lé e.

Fọ́tò ńlá kan ni. Ọkọ̀ àwọ̀ ewé, àgbá táyà aláwọ̀ idẹ, iná iwájú méjèèjì là sókè. Wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sínú rẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí ẹni tó ń yà á. A kò rí ojú rẹ̀ rárá. Ẹ̀yìn orí ló hàn, pẹ̀lú ọrùn tín-ín-rín.

"Kò gbà kí wọ́n ya ojú òun," ìyá náà ní. "Èyí nìkan ni mo rí."

Ọwọ́ẹ̀rọ̀ kò gbọ́ ọ dáadáa. Ohun kan ń ṣẹlẹ̀ ní ọwọ́ rẹ̀. Àtàǹpàkò rẹ̀ ti ń rọra tẹ nǹkan kan síwájú nínú afẹ́fẹ́, nǹkan pẹlẹbẹ tó rọ̀, ìka mẹ́rin yòókù sì ti yọ́ bọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Etí èèyàn ló ń tẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ń yẹ àpá kan sílẹ̀ lẹ́yìn etí náà kí ẹ̀rọ má baà hó o. Ó wo fọ́tò. Lẹ́yìn etí òsì ọkùnrin náà, àpá kan wà níbẹ̀, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú. Irun àtàrí rẹ̀ sì yí po níbi méjì, ọ̀kan sí ọ̀tún, ọ̀kan sí òsì, irú èyí tó máa ń fún onígbàjámọ̀ níṣẹ́.

"Kí lò ń fi ọwọ́ ṣe yẹn?" ìyá náà béèrè.

"Màmá," ó ní, "mo mọ orí yìí."

Oníbàárà ni. Ó máa ń wá lọ́wọ́ ọ̀sán tí ṣọ́ọ̀bù bá dá, á jókòó de àga, á máa súfèé lábẹ́ ẹ̀mí, súfèé náà á sì já bí àga bá ti ṣófo. Ẹni tí ilé rẹ̀ ń pè ní aláìfẹ́ràn-ọ̀rọ̀ yìí, bí ẹ̀rọ bá ti ń kùn lórí rẹ̀, ọ̀rọ̀ ló ń sọ ṣáá. Ó dà bí ẹni pé ìró ẹ̀rọ ló ń fún un láyè, nítorí pé kò dá a lójú pé wọ́n ń gbọ́ òun. Wọn kò sì gbọ́ ọ. Etí onígbàjámọ̀, ajere ni. Gbogbo ọjọ́ ni wọ́n ń da ọ̀rọ̀ sí i. "Hẹn-ẹn," ni Ọwọ́ẹ̀rọ̀ máa ń wí. "Òótọ́ ni." "Bẹ́ẹ̀ náà ni." Ó rò pé gbogbo rẹ̀ ti jò dànù. Kò jò. Ewé tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá lórí rẹ̀. Géèjì, níbi tí ojú máa ń bọ́ sí téèyàn bá ń gba kọ́nà. Ìró bí àgbàlagbà tó ń fọ ọ̀fun nínú yàrá kejì. Gbogbo ohun tó ti pè ní ìfẹ́ ọkàn ara rẹ̀, ọkùnrin kan ló sọ ọ́ sínú rẹ̀ ní díẹ̀díẹ̀, lábẹ́ ìró ẹ̀rọ. Bóyá ó tiẹ̀ ti júwe ilé fún un lọ́jọ́ kan, igi méjì àti ibi tí wọ́n ti ń yà. Bóyá kò júwe rẹ̀. Ìyẹn ni kò rí rántí.

Ó rántí ọjọ́ tí ọkùnrin náà wá kẹ́yìn. Ó rántí rẹ̀ nítorí iṣẹ́ náà, kì í ṣe nítorí ọkùnrin náà.

"Fá a kanlẹ̀," ni ọkùnrin náà wí lọ́jọ́ yẹn.

Ọwọ́ẹ̀rọ̀ fá a kanlẹ̀. Irun náà bọ́ sílẹ̀ ní ìdì ìdì, orí funfun yọ. Ọkùnrin náà sì ń sọ nǹkan kan, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, látìgbà tó jókòó títí ó fi dìde. Ó ní láti jẹ́ pé lẹ́yìn ìyẹn ó ti lọ kun ọkọ̀ rẹ̀ ní funfun, ó ti dí gbogbo ihò rẹ̀, ó ti bọ́ àgbá táyà rẹ̀, ó ti tà á. Ó fá orí, ó fá ọkọ̀. Òun Ọwọ́ẹ̀rọ̀ wá ni ó jókòó, pẹ̀lú gbogbo ìsinmi rẹ̀, tó tún un hù padà.

Obìnrin aránṣọ náà ti dúró sí ẹnu ilẹ̀kùn. "Kí ló sọ?" ó ní. "Ẹ ní ẹ mọ̀ ọ́n. Kí ló sọ fún yín?"

Ó wo ìyá náà. Etí tó gbọ́ àlọ ló yẹ kó gbọ́ àbọ̀, wọ́n ń wí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kí ni ti ẹni tó jẹ́ pé etí tirẹ̀ ló gbọ́ àlọ, tí ẹlòmíràn sì ń dúró de àbọ̀ nídìí géètì? Ó lè parọ́. Ó lè ní òun kò rántí, títí di àárọ̀ yìí ìyẹn kì bá jẹ́ irọ́.

"Ó wá fá orí kanlẹ̀ lọ́dọ̀ mi, Màmá. Ó ní òun ń lọ síbì kan. Ó jìnnà." Ó gbé ife kalẹ̀. "Ó ní òun fẹ́ máa gbé níbi tó jẹ́ pé, bí òun bá ń bọ̀, kò ní sí ẹni tó máa ti ṣí géètì kí òun tó dé."

Fáànù ń yí. Aṣọ àwọn ọmọ iléèwé gbé apá sókè, wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀. Obìnrin náà rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó wà, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. "Kì í ṣe omi," ó ń wí sínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. "Ó fá orí ẹ̀. Kì í ṣe omi." Kò sí ẹni tó lè mọ̀ bóyá ẹkún ni tàbí nǹkan mìíràn.

Ìyá náà kò sunkún. Ó tẹ̀ síwájú, ó fi ọwọ́ lé orúnkún Ọwọ́ẹ̀rọ̀, ọwọ́ tó gbẹ, tó le, ọwọ́ ẹni tó ti fa irin géètì fún ọdún gbọọrọ.

"Nígbà tó ń sọ ọ́," ó ní, "báwo ni ojú ẹ̀ ṣe rí? Ṣé ó ń rẹ́rìn-ín?"

Ọwọ́ẹ̀rọ̀ la ẹnu. Ó padà sínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó dúró lẹ́yìn àga náà, ó rí orí, ó rí àpá, ó rí irun tó yí po níbi méjì tó ń parẹ́ lábẹ́ ọwọ́ òun. Dígí ńlá ló wà níwájú àga. Ó gba ògiri láti ìgun dé ìgun. Gbogbo ojú tó ti jókòó síbẹ̀ rí, inú dígí yẹn ló wà, ó kọjú sí i, kò ju kó gbé orí sókè lọ.

"N kò wò ó, Màmá," ó ní.

Ìyá náà mi orí díẹ̀díẹ̀. Kò gbé ọwọ́ kúrò.

"Èmi náà," ó wí. "Tó bá ti ń wọlé bọ̀, géètì ni mo máa ń wò. Kó má baà ha ọkọ̀ ẹ̀ lára."

Níta, nínú oòrùn, irin ọkọ̀ náà ń tutù, ó ń dún tìn-ìn, tìn-ìn, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jókòó, wọ́n ń gbọ́ ọ.